Aṣọ Tí Wọ́n Ní Kó Fi Nulẹ̀

Iṣẹ́ tí Àbígbẹ̀yìn ń ṣe, ìyá rẹ̀ ò rí orúkọ fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè, á ní, "Inú kọ̀ǹpútà ló ń kun ọ̀dà sí, kí àwọn tí ò níṣẹ́ lọ́wọ́ lè rí nǹkan tẹ̀." Àbígbẹ̀yìn kì í jiyàn. Béèyàn bá yọ ẹ̀gàn kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, òótọ́ pọ̀ níbẹ̀. Géèmù ni wọ́n ń ṣe níbi iṣẹ́ wọn, òun ló sì ń fún gbogbo nǹkan inú géèmù láwọ̀: òun ló ń sọ bí koríko á ṣe tutù tó, òun ló ń sọ bí omi odò á ṣe mọ́ tó.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, géèmù tó wà lọ́wọ́ wọn dá lórí abúlé kan tí gbogbo ará ibẹ̀ ń rẹ aṣọ. Ẹni tó bá ń ṣeré náà á gbin ewé, á ká a, á gún un, á da omi eérú sínú ìkòkò, á sì ki aṣọ funfun bọ̀ ọ́. Èèpo àlùbọ́sà ń mú àwọ̀ ìyeyè jáde, èèpo igi ń mú àwọ̀ ilẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ewé èlú, tó ń mú aró jáde, ni olórí gbogbo wọn. Nígbà tí ọ̀gá béèrè ẹni tó mọ nǹkan kan nípa aró, Àbígbẹ̀yìn nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé tó mọ ìdáhùn kan ṣoṣo láti ìgbà tí táàmù ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ìkòkò aró ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ká kàn má sọ pé inú ẹ̀ ni wọ́n bí i sí.

Aláró ni ìyá rẹ̀. Àtíbàbà páànù kan wà lẹ́yìn ilé wọn nígbà náà, àwọn ìkòkò sì tò sábẹ́ rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìdérí àti ìwà tirẹ̀. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri máa ń kánjú. Èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà lágídí. Bí òjò bá ti ṣú báyìí, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ títí ojú ọjọ́ á fi là. Òórùn ibẹ̀ ò ṣeé fi yangàn: ewé tó ti kan, eérú, omi tó ti pẹ́. Àwọn ọmọ iléèwé máa ń di imú tí wọ́n bá ń kọjá, Àbígbẹ̀yìn náà á sì di tirẹ̀ kí wọ́n má baà mọ̀ pé ọmọ ilé ni. Ní báyìí tó jẹ́ pé ilé alájà tí gbogbo àtẹ̀gùn rẹ̀ ń ta sánsán ọṣẹ ló ń gbé, kò sí ohun tí kò lè fi tọrọ kó tún gbóòórùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ohun tó fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni ìgbà tí aṣọ bá ń jáde. Aró kì í jáde ní búlúù. Àwọ̀ ewé ló máa ń gbé wá láti inú ìkòkò, àwọ̀ ewé tó rí bí ewé tó ń ṣàìsàn. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù díẹ̀díẹ̀, láti etí aṣọ dé àárín. Ọjọ́ tí Àbígbẹ̀yìn kọ́kọ́ rí i, ó figbe ta pé aṣọ oníbàárà ti bàjẹ́. Ìyá rẹ̀ ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. "Má yọ ọ́ lẹ́nu," ó ní. "Ó ń bọ̀." Nígbà tí aṣọ náà bá ti wọlé tó sì jáde tó bó ṣe fẹ́, á nà án sókè sí ìmọ́lẹ̀, á wò ó títí, á ní, "Ó ti yó," bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọmú sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò wọ́pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Aṣọ tí kò bá tíì yó, inú ìkòkò ló ń padà sí, ì báà jẹ́ pé oníbàárà ti dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń mi ẹsẹ̀.

Ó wá di ọdún kan, àwọn ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í ya aláìgbọràn. Ó kéré tán, bí ìyá rẹ̀ ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Aṣọ á wọlé, á jáde, á tún wọlé. Tó bá wò ó, àwọ̀ eérú ló ń rí. Ó kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru ewé, ó ní wọ́n ti pẹ́ jù kí wọ́n tó ká a. Ó pààrọ̀ ewé. Ó di ẹ̀bi ru eérú, ó di ẹ̀bi ru omi ẹ̀rọ. Nígbà tí kò rí ẹlòmíì dá lẹ́bi mọ́, ó di í ru ara rẹ̀. Àwọn oníbàárà ní aṣọ náà dára. Ó ní àánú òun ló ń ṣe wọ́n. Télọ̀ kan tó ti ń gbaṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́ búra pé òun ò rí ìyàtọ̀ kankan. Ìyá rẹ̀ ní kó má fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ mọ́, pé irọ́ ò yẹ àgbà. "Ọwọ́ mi ti kú," ó sọ fún ọmọ rẹ̀, ó sì dojú àwọn ìkòkò bolẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Aṣọ tó jáde kẹ́yìn, ó rún un mọ́ ọwọ́, ó jù ú sí Àbígbẹ̀yìn.

"Gbà, fi nulẹ̀."

Àbígbẹ̀yìn ò fi nulẹ̀. Lójú tirẹ̀, aṣọ náà dára, ṣùgbọ́n ta ni òun tí yóò bá aláró jiyàn lórí aró? Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ó dákẹ́, ó gbé aṣọ náà lọ, ó tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ àpótí lábẹ́ àwọn bùláńkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó yá tí wọ́n ta ilé, tí ìyá rẹ̀ kó wá sọ́dọ̀ rẹ̀, àpótí náà wà lábẹ́ ibùsùn tí ìyá náà ń sùn lé lórí, kò sì mọ̀.

Aṣọ yẹn ló lọ yọ nígbà tí wọ́n fún un níṣẹ́ aró inú géèmù. Ó nà án sójú fèrèsé níbi iṣẹ́, ó sì po àwọ̀ títí tí àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà fi bá tirẹ̀ mu. Ó dá aṣọ náà padà sínú àpótí, kò sì sọ ibi tó ti rí i fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń fẹ́ ò pọ̀: kí ìyá òun wo aṣọ kan, ì báà jẹ́ aṣọ inú kọ̀ǹpútà, kó sì tún sọ pé ó ti yó. Láti ọjọ́ tí àwọn ìkòkò ti dojú bolẹ̀, kò tíì sọ ọ́. Ó ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bá àwọn ẹni orí tẹlifíṣọ̀n jà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ á mọ̀ pé nǹkan kan ti kúrò lára rẹ̀.

Nígbà tí aró inú géèmù ti ṣe tán, Àbígbẹ̀yìn gbé kọ̀ǹpútà wálé, ó gbé e sórí tábìlì ìjẹun, ó sì fa àga fún ìyá rẹ̀.

"Kí ni mo fẹ́ fi ìka tọ́?"

"Ewé yẹn, Màámi. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fà á lọ sínú odó."

Ìyá náà fà á. Ọmọ odó gún un pó-pó-pó, ewé kúnná.

"Ó tán?"

"Ó tán, Màámi."

"Èyí kúkú dáa. Pẹ̀lú gbogbo bí èjìká ṣe ń dùn mí lọ́jọ́sí, ibo lẹ̀yin wà?"

Kò pẹ́ tó fi gbàgbé pé yẹ̀yẹ́ lòun ń ṣe. Ó bá géèmù náà wí pé wọ́n ṣí ìkòkò sílẹ̀ kalẹ̀. Ó ní ẹni tó ya àtíbàbà yẹn ò tíì rí òjò rí. Ó ki aṣọ bọ inú aró, ó sì yọ ọ́, aṣọ náà jáde láwọ̀ ewé. Ìyá náà sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà débi pé imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ìjà ńlá ni Àbígbẹ̀yìn jà kí àwọ̀ ewé yẹn tó wọ inú géèmù. Kánkán, tó ń kọ èdè tí kọ̀ǹpútà ń gbọ́ fún wọn, tí wọ́n sì ń pè ní Kánkán nítorí pé kò sí ohun tó lè mú un sáré láyé, ti ní àwọn tó ń ṣeré ò ní ní sùúrù àtidúró kí aṣọ máa pàwọ̀dà.

"Ó ń bọ̀," ìyá náà sọ, jẹ́jẹ́, kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni.

Àwọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti etí aṣọ, ó rìn dé àárín, ó dúró. Ìyá náà ṣì ń wò ó.

"Ṣé ó ti parí ni?"

"Ó ti parí, Màámi."

Ó fà sẹ́yìn lórí àga. "Omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò ọbẹ̀ nìyí. Ìwọ náà ò rí i ni? Ìwọ ọmọ aláró."

Ọ̀rọ̀ náà dun Àbígbẹ̀yìn dé eegun, ó sì dùn ún jù torí pé ó mọ aṣọ tí ìyá rẹ̀ ń bú. Kò sọ. Lọ́jọ́ kejì ó fi búlúù kún un, ó tún gbé e wálé. "Ó kù." Ó tún fi kún un. "Ó ti ń gbìyànjú." Ó di pé bí ọmọ bá ti ń tibi iṣẹ́ dé, ìyá á ti jókòó ti tábìlì, á ti nu ojú tábìlì náà, á ti pa tẹlifíṣọ̀n. Àbígbẹ̀yìn ò lè sọ pé inú òun ò dùn sí ìyẹn. Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, aró nìkan ni ọ̀rọ̀ tí wọn kì í bá ara wọn sọ. Ní báyìí wọn ò sọ òmíràn. Ìyá náà ń sọ ìtàn ìkòkò alágídí, ó ń sọ ti oníbàárà tó jókòó sórí aṣọ tútù tó sì gbé àwọ̀ rẹ̀ lọ sílé lẹ́yìn ṣòkòtò. Ìtàn á parí, wọ́n á rẹ́rìn-ín, á tún wo ojú kọ̀ǹpútà, á ní, "Ó kù."

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìgbà tí wọ́n máa gbé géèmù náà jáde, Kánkán ṣí i níbi iṣẹ́, ó sì fọwọ́ bojú.

"Ta ló tan iná sínú aṣọ?"

Ọ̀gá wá wò ó. Òun náà dijú. "Aró ni mo ní kí o ṣe, mi ò ní kí o fọ́ àwọn èèyàn lójú. Dá a padà sí ti àkọ́kọ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì."

"Aláró ló ní bó ṣe yẹ kó rí nìyí," Àbígbẹ̀yìn fèsì.

"Aláró wo?"

"Ìyá mi."

Ọ̀gá kì í bá ìyá èèyàn jà. Ó kàn tún un sọ pé ọjọ́ Ẹtì.

Àbígbẹ̀yìn délé pẹ̀lú ìbínú, ó sì bá ìyá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ìyá náà ti bá a rán etí aṣọ búlúù rẹ̀ tó tú, èyí tó fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ tí géèmù máa jáde. Iṣẹ́ ọwọ́ náà dára, ó tò tẹ̀léra bí eyín ọmọdé. Ṣùgbọ́n owú dúdú ni.

"Màámi, owú wo lẹ fi rán an?"

"Èyí tó bá a mu ni. Ṣé mi ò mọ àwọ̀ mọ́ ni?"

Àbígbẹ̀yìn ṣí agolo owú. Búlúù wà níbẹ̀, dúdú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó mú méjèèjì, ó tẹ́ wọn sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì nawọ́ sí ìyá rẹ̀. "Èwo ni búlúù níbí?"

"Ṣé o fẹ́ dán mi wò ni?" Ó wò wọ́n. Ó mú wọn sún mọ́ ojú, ó gbé wọn jìnnà, ó tún mú wọn sún mọ́ ọn. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò le mọ́. "Kí ló dé tó o fi ra dúdú méjì?"

Obìnrin tó jẹ́ pé bó bá wo aṣọ láti òdìkejì àgbàlá, á sọ iye ìgbà tó ti wọ inú aró. Àbígbẹ̀yìn fà á lọ́wọ́ lọ sẹ́nu fèrèsé, ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè sí ìmọ́lẹ̀ bí ìyá náà ṣe máa ń gbé aṣọ. Ẹyinjú tó yẹ kó dúdú ti rí kùrukùru, bíi dígí bálùwẹ̀ nígbà tí omi gbígbóná bá ti rú sí i. Ojoojúmọ́ ló ń wo ojú yìí, kò sì rí i rí.

"Màámi, kì í ṣe ọwọ́ yín. Ojú yín ni."

"Ojú mi ò dùn mí."

"Kò ní dùn yín. Ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà."

Ìyá náà jókòó. "Tó bá jẹ́ ojú ni, kí ni mo wá fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ fún? Mi ò lọ síbì kankan. Ọwọ́ tó kú ti kú, mo ti sin ín, mo ti ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ máa hú u jáde fún?"

Ẹ̀rù ló ń bà á, ọmọ rẹ̀ sì mọ̀, torí ẹ̀rù ń ba òun náà. Wọn ò sọ ọ́ mọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, Àbígbẹ̀yìn dá aró inú géèmù padà sí ti àkọ́kọ́, ó sì ń ṣe é bí ẹni tó ń dalẹ̀ ìyá rẹ̀. Géèmù jáde, àwọn èèyàn yìn ín, ó wọ aṣọ búlúù tí wọ́n fi owú dúdú rán etí rẹ̀, kò sì tú okùn kan níbẹ̀. Nígbà tó délé, ó bá agolo owú ní ṣíṣí lórí tábìlì. Búlúù àti dúdú wà níta, wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níwájú àga ìyá rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá náà ti múra, ó ti gbé báàgì kọ́ apá, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Níbo ni dókítà ojú yẹn wà?"

Dókítà ní dígí inú ojú méjèèjì ló ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, pé ó ti pẹ́ tó ti ń ti búlúù mọ́ ìta. Wọ́n á pààrọ̀ ti ọ̀tún lákọ̀ọ́kọ́, òsì á tẹ̀ lé e. Ìyá náà béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ó ti tó ọdún mélòó?" Dókítà ní ó ti tó ọ̀pọ̀ ọdún.

Ọjọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì ojú ọ̀tún, ó fọwọ́ bo ojú kan, ó bo ìkejì, ó tún yí i padà. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe nínú tákísì bí wọ́n ṣe ń lọ sílé. Awakọ̀ wò ó nínú dígí, ó ní, "Màmá, ṣé kò sí wàhálà o?"

"Ojú ọ̀run ni mò ń wò," ó ní. "Ẹ máa wa ọkọ̀ yín."

Nígbà tí wọ́n délé, Àbígbẹ̀yìn dúró ní yàrá, kò mọ èyí tí ì bá ṣe. Bó bá mú aṣọ náà jáde, ìyá rẹ̀ á mọ ohun tó sọ nù. Bí kò bá mú un jáde, ọwọ́ tí wọ́n sin láàyè á wà nínú ilẹ̀ títí ayé. Ó kúnlẹ̀, ó fa àpótí jáde, ó kó àwọn bùláńkẹ́ẹ̀tì dà sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu fèrèsé, ó ń wo aṣọ tí àwọn ará àdúgbò sá sórí okùn. Àbígbẹ̀yìn fi aṣọ náà lé e lọ́wọ́.

Ìyá náà nà án sókè sí ìmọ́lẹ̀. Búlúù ni, búlúù tó jinlẹ̀ débi pé ojú ń wọ inú rẹ̀ lọ. Ó fi ojú tuntun wò ó. Ó bo ti tuntun, ó fi ti àtijọ́ wò ó, ó sì rí àwọ̀ eérú tó lé e kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó tún ṣí ti tuntun.

"Ta ló rẹ èyí?"

"Ẹ̀yin ni."

"Nígbà wo?"

"Èyí tó jáde kẹ́yìn ni, Màámi."

Ìyá náà fi àtàǹpàkò yẹ etí aṣọ náà wò láti igun dé igun, bó ṣe máa ń ṣe tó bá ń wá ibi tí aró ò dé. Kò rí ibì kankan.

"Òótọ́ ni Télọ̀ sọ," ó ní. "Gbogbo wọn ló ń sọ òótọ́. Àwọn tó ra ilé yẹn, wọ́n ní òdòdó ni wọ́n gbìn sínú àwọn ìkòkò mi."

Ìgbà náà ni ẹkún dé. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìyá náà ń sunkún, kò sì gbé ojú kúrò lára aṣọ. Àbígbẹ̀yìn di ọwọ́ rẹ̀ mú torí dókítà ti ní kò gbọ́dọ̀ nu ojú, ó sì ń sunkún fún ara tirẹ̀, ó ń sunkún nítorí àwọn ọdún tó lọ àti nítorí pé òun náà rí i pé aṣọ yìí dára lọ́jọ́ náà, tóun sì dákẹ́.

Nígbà tó rọlẹ̀, ìyá náà ní kó gbé kọ̀ǹpútà wá. Ó gún ewé, ó bo ìkòkò, nítorí wọ́n ti fi ìdérí sí i báyìí, ó ki aṣọ bọ inú aró, ó yọ ọ́. Aṣọ jáde láwọ̀ ewé. Ó dúró dè é. Nígbà tí búlúù dé àárín, ó gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kọ̀ǹpútà, ó wo ọ̀kan, ó wo ìkejì, ó sì yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ibí lo ti rí i."

"Ibẹ̀ ni, Màámi."

"O jẹ́ kí n pè é ní omi ìkòkò ọbẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ mọ aró."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín, omijé ṣì wà lójú rẹ̀. Ó ká aṣọ náà, igun mọ́ igun, ó gbé e lé orí ẹsẹ̀, ó sì tẹ́ ọwọ́ méjèèjì lé e.

"Ó ti yó," ó ní. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo ní kó o fi nulẹ̀."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀."

"O ò gbọ́."

"Mi ò gbọ́, Màámi."

"Ọpẹ́lọpẹ́ etí dídi rẹ," ìyá rẹ̀ sọ.